Gáúnù Iléyá Tó Ṣe Rẹ́gí

Mo ti dàgbà tó báyìí tí mo lè sọ ọ́ láìfi bò: mo jowú àbúrò mi fún bí ọdún mọ́kànlá, nítorí gáúnù. Kì í sì í ṣe gáúnù tó rẹwà o. Gáúnù tó tóbi jù ú lọ ni, tó ń wọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, tí apá rẹ̀ bo ọwọ́ rẹ̀ dé orí èékánná. Bó bá wọ̀ ọ́ jáde, àwọn ọmọ agboolé á máa bi í pé ta ló kó o sínú àpò. Ohun tí mo jowú nìyẹn. Tèmi ṣe rẹ́gí. Gbogbo ìgbà ni tèmi ń ṣe rẹ́gí, mo sì kórìíra rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé títí dòní, bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé aṣọ mi bá mi mu, inú á kọ́kọ́ bí mi kí n tó rántí pé ó ń yìn mí ni.

Télọ̀ ni bàbá wa. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Bẹẹrẹ, níbi tí ọ̀nà ti ń gòkè lọ sí Mápó, ilé wa sì wà ní Bẹ́yẹrúnká, nínú agboolé ńlá kan tí gbogbo wa jọ ń lo àgbàlá kan. Láyé ìgbà yẹn, kí òmìnira tó dé, kò sí òbí tórí rẹ̀ pé tó máa rán aṣọ Iléyá fọ́mọ kó ṣe déédéé. Ọdún mẹ́ta ni aṣọ náà gbọ́dọ̀ lò. Lọ́dún àkọ́kọ́, ọmọ á máa fọwọ́ gbá a mú kó má baà gbé e ṣubú. Lọ́dún kejì, á bá a mu. Lọ́dún kẹta, á ti máa fún un lábíyá. Bàbá wa á fi téèpù wọn ọmọ láti èjìká dé ojúgun, á wá fi ìbú ọwọ́ kan lé e. Ìdajì ìbú ọwọ́ yẹn ló máa ṣẹ́ sínú nísàlẹ̀, tí ìyá ọmọ á máa tú sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ọmọ bá ṣe ń ga. Bí ìyá kan bá ráhùn pé ó tóbi jù, èsì kan ṣoṣo ni bàbá wa ní: "Yóò dàgbà bá a." Mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ fún gbogbo ọmọ àdúgbò, títí kan àwọn aláìgbọràn tó ń sọ òkò sí máńgòrò olóhun. Kò sọ ọ́ fún mi rí.

Àìsàn inú eegun ni wọ́n bí mọ́ mi, èyí tí àwọn èèyàn wa ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Ìyá wa ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni pe orúkọ yẹn létí òun. Ẹsẹ̀ dídùn lòun ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan. Á bẹ̀rẹ̀ láti orúnkún, nígbà mìíràn láti ẹ̀yìn, bíi pé ẹnì kan wà nínú eegun tó ń fi òòlù kàn án síta. Á dá mi dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí ọ̀sẹ̀ kan, funfun ojú mi á pọ́n bí ìyeyè, lẹ́yìn náà á lọ. Màá dìde, màá ní ebi ń pa mí, wọ́n á sì máa ṣe ọpẹ́ fún Ọlọ́run káàkiri ilé. Ṣùgbọ́n mi kì í ga. Bí mo ṣe wà lọ́dún tó kọjá náà ni mo máa ń wà lọ́dún tuntun.

Nígbà tó kọ́kọ́ ń ṣe mí, bí mo bá ké, gbogbo agboolé ló ń dìde. Bàbá á ti ṣọ́ọ̀bù, ìyá á fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó wà nítòsí, àwọn obìnrin á kún yàrá wa fọ́fọ́, olúkúlùkù pẹ̀lú àgbo tirẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọdún kẹta, kò sẹ́ni tó ń sáré mọ́. Ìyá á kàn ní, "Ó ti dé," á gbé omi kaná, á fi aṣọ tó gbóná dì mí lórúnkún, á fi òrí pa mí lẹ́yìn, á sì máa bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀ iye tí wọ́n ń ta tàtàṣé bó ṣe ń pa á. Wọ́n mọ̀ pé omi tútù kò gbọ́dọ̀ kàn mí. Wọ́n mọ̀ pé bí òjò bá ṣú, kí wọ́n wọ́ mi wọlé. Nọ́ọ̀sì kan nílé ìwòsàn ní kí n máa lo hóró oògùn ibà kan ní ọjọ́ Sọ́ńdè-Sọ́ńdè. Ìyá wa ní ta ló ń rántí Sọ́ńdè nínú ilé wa, ó gbé e sí ọjọ́ Jímọ̀, bí àwọn ọkùnrin bá ti ti mọ́ṣáláṣí dé. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ kéékèèké inú ilé rò pé ara ìrun Jímọ̀ ni kéèyàn gbé hóró oògùn mì.

Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé mo ní inú tó ń bí mi. Kò sẹ́ni tó ń rán mi níṣẹ́. Kò sẹ́ni tó ń fọ́ mi létí. Bí mo bá fọ́ àwo, wọ́n á ní, "Kò burú, jókòó." Bí àbúrò mi bá fọ́ irú àwo kan náà, wọ́n á gbá a létí tí gbogbo àgbàlá á gbọ́, màá sì jókòó síbẹ̀ máa jowú ìgbátí. Èmi ni mo fi ọdún méjì jù ú lọ. Òun ló ń gbé garawa lọ síbi ẹ̀rọ omi, òun ló ń gbálẹ̀, òun ni wọ́n ń rán lọ sí Ọjà'ba láti ra alùbọ́sà, tó ń bọ̀ pẹ̀lú ìròyìn ìjà àwọn aláta. Èmi mọ àjà yàrá wa bí ẹni mọ ojú ọmọ rẹ̀. Bí mo bá sì sunkún nítorí èyí, kò sẹ́ni tó máa bi mí pé kí ló dé. Wọ́n á ní ẹsẹ̀ ń dùn mí, wọ́n á gbé omi kaná.

Mo tó ọmọ ọdún mẹ́fà, àbúrò mi sì tó mẹ́rin, nígbà tí mo kọ́kọ́ fura sọ́rọ̀ gáúnù. Bàbá rán tiwa méjèèjì láti ara ìgàn àǹkárá kan náà, aláwọ̀ ewé pẹ̀lú ẹyẹ pupa. Àbúrò mi wọ tirẹ̀, ó rì sínú ẹ̀. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Yóò dàgbà bá a." Wọ́n wá wọ tèmi sí mi lọ́rùn. Ó bọ́ sí mi lára wọ́ọ́rọ́wọ́, etí rẹ̀ dúró gẹ́lẹ́ níbi tó yẹ kó dúró. Mo dúró, mò ń retí. Bàbá wo apá rẹ̀ ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, "Ó dáa," ó sì jáde.

Mo bi ìyá pé, "Tèmi ńkọ́? Ṣé mi ò ní í dàgbà bá tèmi ni?"

Ìyá ní, "Tìrẹ ti bá ọ mu ná. O ò rí bó ṣe yẹ ọ́?"

Mo bú sẹ́kún. Ẹ ti mọ ohun tí wọ́n ṣe. Wọ́n gbé omi kaná.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ṣọ́ gáúnù àbúrò mi. Bí Iléyá bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan, ìyá á fi orí abẹ́rẹ́ tú ìṣẹ́tí rẹ̀ sílẹ̀. Ibi tó wà nínú ìṣẹ́tí kì í ṣá bí ìyókù, nítorí oòrùn kò rí i, nítorí náà ìlà kan á wà nísàlẹ̀ gáúnù náà tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú ju òkè lọ. Lọ́dún kejì, ìlà kan. Lọ́dún kẹta, ìlà méjì. Àwọn ìyá mìíràn máa ń tijú ìlà yẹn, wọ́n á fi òwú aláràbarà rán ọnà lé e kó má hàn. Èmi á jókòó máa kà á. Gáúnù tèmi náà lo ọdún mẹ́ta, kò sì ní ìlà kankan. Ó ń bá mi mu lọ ni. Gbogbo ara rẹ̀ ṣá lápapọ̀.

Bó ṣe di pé a jọ ga bákan náà nìyẹn, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án tí òun wà ní méje. Ìyá mú wa lọ sí Ọjà'ba lọ́jọ́ kan, aṣọ kan náà lọ́rùn wa. Ìyá ẹlẹ́pà kan rí wa, ó ní, "Ẹ̀jìrẹ́ ọ̀kín, ẹ kú ewu." Ìyá wa kò sọ pé kì í ṣe ìbejì. Ìyá ẹlẹ́pà wá bi wá pé, "Èwo ló kọ́kọ́ wáyé nínú yín?" Ojú mi là. Mo nawọ́ sókè, mo ní, "Èmi ni, mà. Èmi ni mo kọ́kọ́ wáyé."

Obìnrin náà ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, ìwọ ni àbúrò nìyẹn."

Mo ti gbàgbé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jáde nínú ìbejì, wọ́n ní ẹ̀gbọ́n ló rán an pé kó lọ wo ayé wò. Ẹ̀yìn ni àgbà ń bọ̀. Ẹnu ara mi ni mo fi sọ ara mi di àbúrò lójú ọjà. Ó bu ẹ̀pà fún àbúrò mi ṣáájú, nítorí pé òun ni ẹ̀gbọ́n, ó wá bu èyí tó kù fún mi. Ìyá wa ń rẹ́rìn-ín kèékèèké. Nígbà tí a ń bọ̀ wálé, àbúrò mi rọra sọ fún mi létí pé, "Àbúrò mi, ṣé ẹ̀pà yẹn dùn?" Mo gbá a lẹ́nu. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, ìyá nà mí, pàṣán kan ṣoṣo tí kò tilẹ̀ dùn mí. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀, inú mi dùn sí i.

Ọdún kan lẹ́yìn náà, òun ló ń pọ̀n mí. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ gbọ́ ọ dáadáa. A gbé oúnjẹ lọ fún bàbá ní Bẹẹrẹ, bí a ṣe ń bọ̀, orúnkún mi mú mi, mi ò lè gbẹ́sẹ̀. Àbúrò mi gbé àwo tó ṣófo kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, "Ẹ gùn mí, ẹ̀gbọ́n mi." Kò fi mí ṣẹ̀sín, kò ráhùn. Ó dì mí mú, ó pọ̀n mí gòkè, ó pọ̀n mí sọ̀, tí òógùn rẹ̀ ń kán sí mi lọ́wọ́. Obìnrin kan tó jókòó síwájú ilé ní, "Ẹ wo ìyá kékeré yìí tó pọ̀n ọmọ rẹ̀." Mo gbójú mọ́ ọn lẹ́yìn kí n má baà rí ẹnikẹ́ni. Ẹlòmíì nínú ipò mi ì bá dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà. Ohun tí mò ń rò ni pé ẹsẹ̀ rẹ̀ le, pé òun kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó le.

Nígbà tí mo di ọmọ ọdún méjìlá, bàbá tún rán aṣọ Iléyá tuntun fún wa. Àbúrò mi ti ga jù mí lọ ní tòótọ́ nígbà yẹn. Aṣọ aláwọ̀ búlúù ni. Tirẹ̀ wọ́lẹ̀, tèmi ṣe rẹ́gí. Bàbá sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún un, ó sì wò mí, ó ní, "Ó dáa."

Ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyá wà lọ́jà, àbúrò mi lọ pọnmi. Mo fa gáúnù rẹ̀ yọ nínú àpótí. Mo ti mọ abẹ́rẹ́ lò, nítorí ọjọ́ tí ara mi bá yá, ṣọ́ọ̀bù bàbá ni wọ́n ń mú mi jókòó sí, níbi tí kò sí òjò. Mo tú ìṣẹ́tí rẹ̀. Mo fi àlùmọ́gàjí gé gbogbo ìbú ọwọ́ tí bàbá fi sílẹ̀ fún un, láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì. Mo tún ṣẹ́ ìyókù tẹ́ẹ́rẹ́, mo rán an padà pẹ̀lú ọwọ́, mo sì ju èyí tí mo gé sí ṣáláńgá. Ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Mo ní kí òun náà wá wò ó bó ṣe ń rí.

Ọjọ́ Iléyá pé, ó wọ gáúnù náà, ó sì bá a mu. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, aṣọ ọdún bá ọmọ náà mu lọ́dún tí wọ́n rán an. Láti ilé dé yídì, láti yídì dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹbí tí a gbé ẹran lọ fún, ohun tí mò ń gbọ́ ni pé, "Ó mà yẹ ọ́ o. Ta ló rán an fún ọ?" Èmi tí mo gé e, mò ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn pẹ̀lú àwo ẹran. Bàbá wo etí aṣọ náà lẹ́ẹ̀kan péré. Télọ̀ mọ ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì mọ èyí tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó gbójú kúrò.

Ìyẹn nìkan kọ́. Kí ọdún tó yípo, gáúnù náà ti fún un, kò sì sí nǹkan tí ìyá lè tú sílẹ̀. Ẹ rò ó wò, ta ló kéré jù ú lọ nínú ilé tí wọ́n máa gbé e fún? Ìyá fọ̀ ọ́, ó ká a, ó gbé e sórí ẹní mi. Ó ní kí n gbé e lọ bá bàbá ní ṣọ́ọ̀bù kó lè bá mi fún un níkùn. Èmi ẹ̀gbọ́n ni kí n máa wọ àlòkù àbúrò.

Ọdún tí a gba òmìnira ni. Mo gbé gáúnù náà lọ sí Bẹẹrẹ, mo jù ú sórí tábìlì. Bàbá dá máṣíìnì dúró. Ó yí etí aṣọ náà padà, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ lé òwú tí mo fi rán an láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ó ní, "Ìwọ lo gé e."

Mo ní, "Èmi ni, sà."

"Kí ló ṣe ọ́?"

Inú ti ń bí mi fún ọdún méje, ẹ má dá mi lẹ́bi. Mo ní, "Gbogbo ọmọ lẹ ń sọ fún pé yóò dàgbà bá a. Ẹ ò sọ ọ́ fún mi rí. Ṣé ẹ ti mọ̀ pé mi ò ní í dàgbà ni? Bí ẹ bá mọ̀, ẹ sọ fún mi."

Bàbá wa kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó fi etí bùbá rẹ̀ nù ún, ó tún fi í sójú. Ó wá sọ fún mi pé ọmọkùnrin kan ti wà ṣáájú mi. Mo mọ̀ pé ọmọ kan kú kí wọ́n tó bí mi, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé irú àìsàn tèmi ló ṣe é. Bàbá ní òun rán bùbá àti ṣòkòtò Iléyá fún un nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́ta, òun fi ìbú ọwọ́ méjì sílẹ̀ nítorí pé ọmọ òun ni, òun sì sọ fún gbogbo ẹni tó wọlé pé yóò dàgbà bá a. Kò wọ̀ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bí wọ́n ṣe sin ín tán, òun mú aṣọ náà ṣe sàráà, ọmọ tó gbà á sì wọ̀ ọ́ kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù òun fún ọdún mẹ́rin. "Lójú mi ló ṣe dàgbà bá a," bàbá ní. "Ọmọ ọlọ́mọ. Láti ìgbà náà, bí mo bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, ẹnu mi kì í gbé e."

Ó fa aṣọ tuntun yọ lábẹ́ tábìlì, àǹkárá aláwọ̀ osùn, ó tẹ́ ẹ síwájú mi. Ó gbé téèpù àti ṣọ́ọ̀kì lé e. Ó ní, "Má wọ àlòkù ẹnikẹ́ni. Rán tìrẹ fúnra rẹ. Bó o bá ṣe fẹ́ kó gùn tó ni kó o gé e. Mi ò ní í dá sí i."

Mo wọn ara mi. Mo fa ìlà ṣọ́ọ̀kì síbi tí mo ga dé. Mo tún fi ìbú ọwọ́ kan lé e, mo fa ìlà kejì. Mo rò ó pé ìyà ti jẹ mí pẹ́, mo fa ìkẹta. Mo gbé àlùmọ́gàjí. Mo dúró níbẹ̀ títí ó fi rẹ̀ mí, mò ń wo ìlà mẹ́ta wọ̀nyẹn. Ẹ̀rù bà mí. Ó dà bíi pé bí mo bá gé e síbi ìlà kẹta, ẹnì kan wà níbì kan tó máa gbọ́ tí á sì bínú. Mo ronú nípa ọmọ ọlọ́mọ tó ń rìn kọjá nínú aṣọ ẹ̀gbọ́n mi. Mo gé e síbi ìlà àkọ́kọ́. Èmi fúnra mi, pẹ̀lú ọwọ́ mi, mo gé e kó ṣe rẹ́gí.

Bàbá wo bí mo ṣe gé e, ó ní, "Ó dáa." Lọ́tẹ̀ yìí mi ò bínú sí i.

Ẹ má rò pé owú tán níbẹ̀. Ó tún burú sí i. Nígbà tí mo délé, àbúrò mi ń fi okùn fò lágbàálá nínú aṣọ tuntun tí wọ́n fi rọ́pò èyí tí mo gé, tó tóbi jù ú lọ, mo sì rí i kedere pé ìbú ọwọ́ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ yẹn, òun kò fi ìgboyà kankan gbà á. Wọ́n kàn fún un bí ẹni fún ọmọ ní omi mu. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rán gbogbo aṣọ mi fúnra mi láti ìgbà yẹn, ọwọ́ mi sì dára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn oníbàárà bàbá ń bèèrè mi. Mò ń fi ìbú ọwọ́ lé tàwọn ọmọ wọn. Tèmi nìkan ni mi ò lè fi nǹkan kan lé.

Ohun tí dókítà ilé ìwòsàn sọ fún ìyá nígbà kan, tí ìyá kò gbà gbọ́, ni pé irú àwọn ọmọ báwa yìí máa ń pẹ́ kí wọ́n tó ga, pé nígbà mìíràn ó máa ń dé nígbà tí wọn ò retí rẹ̀ mọ́. Mo ti di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ẹsẹ̀ dídùn ti dín kù díẹ̀ lọ́dún yẹn, ebi sì ń pa mí ní àpajù. Ìyá ṣàkíyèsí pé mò ń kanrí mọ́ igi àtẹ́rígbà ilé ìdáná, ó rò pé mi ò fara balẹ̀ ni.

Iléyá ku ọjọ́ mẹ́rin. Mo fa gáúnù ọdún mi yọ, èyí tí mo rán lọ́dún méjì sẹ́yìn, tí mo sì wọ̀ lọ́dún tó kọjá tó bá mi mu. Mo wọ̀ ọ́. Etí rẹ̀ dúró lókè orúnkún. Mo fà á sísàlẹ̀, kò wá. Mo bọ́ ọ, mo tún un wọ̀, bóyá mi ò wọ̀ ọ́ dáadáa. Orúnkún mi méjèèjì wà níta gbangba.

Ìyá wọlé, ó kígbe mọ́ mi pé kí n bọ́ ọ, pé ilé mùsùlùmí nìyí, ṣé kí àwọn èèyàn máa wo itan mi ni? Mo ní mi ò bọ́ ọ. Mo jáde. Mo gba àárín Bẹ́yẹrúnká kọjá lójú oòrùn, mo gba iwájú gbogbo àwọn ìyá tó jókòó síwájú ilé, títí dé Bẹẹrẹ. Àwọn kan pòṣé, àwọn kan bo ojú ọkọ wọn. Mo kí gbogbo wọn pátá, lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì kúnlẹ̀ fún àgbà, tí aṣọ náà á tún sún sókè.

Àbúrò mi ti wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó gbé oúnjẹ wá. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni nígbà yẹn, ó sì ti tó ọdún kan ààbọ̀ tí gíga rẹ̀ ti dúró. Àwọn oníbàárà méjì jókòó. Bàbá gbójú sókè, ó rí mi, mo sì rí i tó ń wá ohun tó máa sọ nípa orúnkún mi. Ó dìde, ó fa téèpù lọ́rùn rẹ̀, ó wọ̀n mí láti èjìká. Ó tún wọ̀n mí. Ó wá bi mí, pẹ̀lú ohùn tí gbogbo wọn gbọ́, pé, "Ìbú ọwọ́ mélòó ni kí n fi lé e?"

Mo ní, "Mẹ́ta, sà."

Àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Àbúrò mi ní, "Bàbá, èmi náà ńkọ́? Ṣé ẹ ò ní í rán tuntun fún mi ni?" Bàbá ní tirẹ̀ ṣì dáa, kò tíì lò tán, ìṣẹ́tí rẹ̀ ṣì wà nínú.

Àbúrò mi wo gáúnù ara rẹ̀ nísàlẹ̀, níbi tí àyè tí kò nílò mọ́ wà. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè, ó wo orúnkún mi. Mo mọ ojú tó fi wò ó. Mo ti fi irú ojú bẹ́ẹ̀ wo òun fún ọdún mọ́kànlá. Ọmọ tó pọ̀n mí gòkè tó pọ̀n mí sọ̀ ni, ó yẹ kí àánú rẹ̀ ṣe mí. Kò ṣe mí, kí Ọlọ́run forí jì mí. Mo fọwọ́ gbé etí gáúnù náà sókè díẹ̀ sí i, kó lè rí orúnkún mi dáadáa.